Ibi Tí Ẹ̀yìnlàárò Ń Sùn

Ọjọ́rú, 19 oṣù kọkànlá, 1975

Madáàmù tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé lisé ti lọ. Mo gbé ẹ̀wù rẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ mi lọ fún un láàárọ̀, mo bá ẹrù rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà, táàsì Kútọnu ń dúró dè é. Ó gbá ọmọ ajá rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sunkún. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á. Ó wá gbójú sókè wò mí. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ, mo yára ń wo ọ̀nà Kútọnu, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń gbé aṣọ wá fún mi rán láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà láyé, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un pé mi ò fẹ́? Bí mo ṣe di alájá nìyẹn. Ajá nìkan kọ́ o. Ajá àti àpótí rẹ̀.

Àpótí onígi ni, wọ́n fi wáyà dí ojú rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn kékeré tó ní ìkọ́. Madáàmù ní inú ibẹ̀ ni òun ti tọ́ ọ láti kékeré. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò wọlé fúnra rẹ̀, a ó fi ìkọ́ kọ́ ilẹ̀kùn, ó di àárọ̀.

Ìyá wò ó títí. Ó ní, "Àkànbí, ajá ní yàrá, yàrá ní ilẹ̀kùn. Èmi tí mo bí ọ, aṣọ ni mo fi ń dí ẹnu-ọ̀nà mi."

Mo ní n ó kan ilẹ̀kùn fún un. Ó bi mí pé lọ́dún wo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Bíjù ni Madáàmù ń pè é. Ìyá ní ahọ́n òun kò lè máa yí orúkọ yẹn kiri àgbàlá. Ó sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò. Mo bi í pé ta ló ń fi bá wí, nítorí kò sí ẹni tí í sọ ajá lórúkọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ní ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ yóò dáhùn.

Salimatou tó háyà yàrá kẹta lọ́dọ̀ wa ń pọ́n ẹ̀kọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Assani wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè wò wá. Òun àti Ìyá ti ń fa ọ̀rọ̀ omi kànga láti oṣù tó kọjá. Mo sọ fún Ìyá pé orúkọ yìí kò dára. Ó ní ajá ló ń jẹ́ ẹ, èmi kọ́.

Ọjọ́rú, 26

Olè wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé àlùmágàjí mi ńlá, ó gbé káàkí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Káàkí Sikirou ni, ọmọ tí mo rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá di ọ̀gá nínú kọmitẹ́ àdúgbò wa báyìí. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lójú Ẹ̀yìnlàárò. Ó wà nínú àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò gbó, kò kùn. Ó dá mi lójú pé ìrù ló fi kí olè náà káàbọ̀.

Mo ti búra. Láti òní lọ, ìta ni ajá yìí yóò máa sùn, bí ajá gbogbo ayé.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Kò sùn. Èmi náà kò sùn. Mo ti ilẹ̀kùn àpótí kí ó má baà ráyè wọlé, ó ń fi èékánná ha wáyà títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde ní ọwọ́ rẹ̀. Mo so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ, ó jẹ okùn. Mo gbé àpótí wọ yàrá mi, ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí àkùkọ kọ, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wọlé, ó sùn lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo wá ń tòògbé lórí ẹ̀rọ, mo rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ọrùn.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Rédíò ní kò sí Dàhòmì mọ́. Bẹ̀nẹ̀ ni wá báyìí. Wọ́n pe gbogbo wa jáde, wọ́n kígbe "Èhùzú!", pé ayé ti yí padà, a dáhùn "Dàńdàń!" títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Sikirou kó aṣọ àwọ̀ ewé wá fún mi láti fi rán àsíá, pẹ̀lú pupa díẹ̀ fún ìràwọ̀.

Ìjọba yí padà, ìlú yí orúkọ padà. Ẹ̀yìnlàárò nìkan ni kò yí padà. Inú àpótí ló sùn.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi bẹ́. Epo àtùpà tún wọ́n sí i, nítorí náà ọ̀sán ni mo ń fi gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ṣe ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún kò ro ti aránṣọ rárá. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fún mi, bí abẹ́rẹ́ bá ti kan ẹnu ìràwọ̀ ni ó ń tú.

Ikọ́ ń da Ìyá láàmú ní ìdájí. Mo fi òróró ra á láyà. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ọyẹ́ ni, yóò bá ọyẹ́ lọ.

Òun náà ló gbà mí nímọ̀ràn lórí ajá. "Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, nǹkan la fi í tù ú. O gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kí lo fún un?" Ó tú ìró rẹ̀ àtijọ́ tó fi ń borí sùn, ó jù ú sí mi. Mo tẹ́ ẹ sẹ́nu àpótí. Ẹ̀yìnlàárò gbóòórùn rẹ̀, ó fi orí lé e, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ó kéré, ṣùgbọ́n orí ti jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ìdajì ara ti jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ìṣẹ́gun lóòótọ́! Lójoojúmọ́ ni mo ń fa ìró náà sẹ́yìn díẹ̀. Lánàá mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbòòji ẹnu-ọ̀nà Ìyá, nítorí ibẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í dé nínú àgbàlá wa. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, Ẹ̀yìnlàárò wà lórí rẹ̀, ó ká kò, imú rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù. Àpótí ṣófo. Inú mi dùn débi pé mo ń fi orin ṣe àsíá. Ìyá fún un ní ẹ̀kọ àti orí ẹja. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ó wọ yàrá. Ó ní ibi tí àlejò dúró sí náà tó o.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Olè tún wá. Ẹ̀yìnlàárò gbó, ó lé e, ó já aṣọ ìdí rẹ̀ gbà. Gbogbo àgbàlá ló yìn ín. Salimatou pàápàá ju egungun sí i. Mo wo àjákù ṣòkòtò náà, ìránkúrán ni. Èmi kọ́ ni mo rán an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ajá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Mo ti mọ ohun tó ń fà á. Ní ìdájí tí ikọ́ bá gbé Ìyá, ajá á gbọ́ ọ, á dìde, á dojú kọ aṣọ ẹnu-ọ̀nà, á gbórí sókè, á sì hu. Bí ikọ́ bá dúró, òun náà á dúró. Àánú Ìyá ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ikọ́ arúgbó kò kọjá ògiri, igbe ajá ń dé ọ̀nà Avrankou.

Salimatou kí mi láàárọ̀. "Bàbá Aránṣọ, ẹ kú ojúmọ́ o. Ajá yín ń rí nǹkan."

Mo ní ikọ́ Ìyá ló ń gbọ́.

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé. Ìyá kò lè lọ.

Ọjọ́ Ajé, 29

Ara Assani gbóná. Ọkọ Salimatou tí í wa táàsì lọ sí Kútọnu kò sí nílé. Mo ní kí a gbé ọmọ lọ sí ọpitáà, Salimatou ní òun ti fún un ní àgbo. Kò wo ojú mi. Ẹnu-ọ̀nà Ìyá ló ń wò, níbi tí ajá sùn sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kìn-ín-ní, 1976

Rédíò tún ń gbé ohùn àwọn ìyá arúgbó tí ìjọba mú pé wọ́n jẹ́ àjẹ́ jáde. Ọ̀kan ní òun jẹ ọmọ. Òmíràn ní òun di ẹyẹ. Ohùn wọn ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí a jí lójú oorun. Mo pa rédíò tèmi, ṣùgbọ́n ti Salimatou ń sọ̀rọ̀ lọ, ó gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò tíì jẹun láti àárọ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo ti pa á fún ènìyàn rí, mo sì rò pé ọgbọ́n ni. Lónìí tó jẹ́ pé ajá hu lánàá, ara ọmọ gbóná lónìí, mo ń wá ibi tí ọgbọ́n náà wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Mo fi tipátipá dá ajá padà sínú àpótí. Ó ti dàgbà ju àpótí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan òkè. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ikọ́ bá gbé Ìyá nìkan ló ń hu. Ní báyìí kò dákẹ́ rárá. Ó fi ẹnu já wáyà, ètè rẹ̀ ya. Ó jáde ní ìdájí, ó padà sẹ́nu ọ̀nà Ìyá.

Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí ajá yìí lè kúrò nínú àpótí. Mo wá ń bẹ̀ ẹ́ kó padà.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀, èmi ni mo fà á.

Mo rò ó pé ìró yẹn ló ń mú ajá dúró síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ àná mo ká a, mo gbé e lọ tẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fa ajá lọ síbẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Mo fi ọkàn balẹ̀ sùn. Láàárọ̀ yìí igbe Salimatou ló jí mi. Ó jáde láti lọ dáná ẹ̀kọ, ó rí Ẹ̀yìnlàárò tó fi ẹnu wọ́ ìró Ìyá gba ìdí ògiri bọ̀, ó kọjá ní iwájú yàrá Assani, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá, ó dùbúlẹ̀ lé e.

Ta ni n ó ṣàlàyé fún? Ajá tó ń gbé aṣọ àgbà obìnrin kiri ní ìdájí, tó gba ẹnu-ọ̀nà ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá kọjá. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, èmi náà á gbé ọwọ́ lérí.

Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo Akron, àdúgbò wa, ti gbọ́. Oníbàárà méjì wá gba aṣọ wọn padà ní àìrán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Wọ́n pè wá sí réúníọ̀n, ìpàdé kọmitẹ́, nínú ọgbà ilé-ìwé. Ìyá wọ aṣọ tó dára jù. Mo mú un lọ́wọ́ dání. Àsíá tí mo fọwọ́ ara mi rán ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè wa, ẹnu ìràwọ̀ kan ti tú.

Sikirou ló jókòó láàárín. "Kámárádì Ọlágúnjú, ẹ jókòó. Ìyá, ẹ jókòó." Ojú ń tì í, mo rí i. Ó bi mí pé kí ló dé tí ajá mi kò rí ibòmíràn sùn ju ẹnu-ọ̀nà Ìyá lọ.

Mo ní, "Inú àpótí ló ń sùn tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kó máa sùn níta. Mo wá fi ìró Ìyá tù ú."

Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, "Ìró Ìyá? Ìwọ fúnra rẹ lo tẹ́ ẹ síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ aránṣọ. Àkísà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ni, tó fi jẹ́ aṣọ ara ìyá arúgbó lo mú fún ajá?"

Àkísà kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi dé kókósẹ̀. Ìyá ló bọ́ ìró rẹ̀ fún mi, mo sì gbà á, nítorí Ìyá ni. Bí mo bá sọ pé òun ló fún mi, mo ti pa á. Bí mo bá sọ pé èmi ni mo mú un, wọ́n á ní ó rán mi.

Ìyá ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá jẹ́ àjẹ́, ṣé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọmọ mi ì bá ṣì wà títí di òní? N ò ní ti fi sọ ara mi di ìyá mínísítà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Salimatou kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Assani dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn ọmọ náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rín sì kú.

Sikirou tẹ̀ lé wa dé ojú ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tó jù mí lọ ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn. Kí Ìyá kàn sọ nǹkan díẹ̀. Ẹni tó bá sọ, wọn kì í fìyà jẹ ẹ́."

Mo bi í pé nǹkan wo ni Ìyá yóò sọ.

Ó ní, "Ohunkóhun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ara Assani kò rọrùn rárá. Mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ Salimatou, mo gbé òun àti ọmọ sórí kẹ̀kẹ́ mi, mo tì wọ́n dé ọpitáà. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí a mú un wá lọ́la àti ọ̀túnla. Salimatou sunkún lójú ọ̀nà, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ó ti parí.

Ọjọ́rú, 14

Kò parí. Ẹnìkan da ọ̀rá òkú ẹran sẹ́nu ọ̀nà Ìyá. Ìyá gbá a fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Àkànbí, mú mi lọ sọ́dọ̀ Mọ́símọ̀ ní Avrankou." Àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló bí Mọ́símọ̀. Mo ní bí a bá lọ, wọ́n á ní ó sá ni. Ó ní, "Bí mo bá dúró, mo gbé. Bí mo bá lọ, mo gbé. Ọ̀kan wà nínú méjèèjì tí wọn ò ti ní gba ohùn mi."

A jọ di ẹrù rẹ̀. Kò pọ̀. Mo mú ìró yẹn nílẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ dì í mọ́ ọn. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọjọ́bọ̀, 15

Mo ti mú un dé Avrankou. Mo so ajá mọ́lẹ̀ kí a tó jáde. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó sọ pé, "Ìta o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dá ọ padà." Mo gbọ́ igbe ajá náà títí a fi dé ibi tí ọkọ̀ wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ara Assani ti balẹ̀. Ó mu ọmú, ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kẹta ni wọ́n gún un níjẹta. Ṣùgbọ́n Salimatou wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Ó ní, "Bàbá Aránṣọ, ẹ má bínú, ẹ ò lẹ́bi. Ìyá ló bí yín, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ ṣáà rí i, bó ṣe lọ ni ara ọmọ balẹ̀."

Ó ń dúpẹ́ lóòótọ́. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá kú, Ìyá ló pa á. Ó yè, Ìyá náà ló fi í sílẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ náà, ebi ń pa mí.

Ọjọ́rú, 21

Ajá kò hu mọ́. Kò sí ikọ́ tí yóò gbọ́. Àwọn ará àdúgbò ti ṣàkíyèsí, wọ́n ní ẹ rí i.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìyá fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń wo aṣọ tó dí i. Lánàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dìde, ó wọ inú àpótí lọ. Ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè wọlé. Mo fi ẹja pè é, kò jáde. Mo gbé ìró sẹ́nu àpótí bíi ti àkọ́kọ́, ó yí ojú kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Mo fi òòlù yọ ilẹ̀kùn àpótí náà, mo fi dáná. Ó ṣì sùn níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kejì

Mo lọ wo Ìyá. Mo ra ẹja àti ọṣẹ dání. Mọ́símọ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó rí i. Ó ní ọ̀rọ̀ Akron ti ṣáájú wa dé abúlé. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, òun máa ń ti Ìyá mọ́lé láti ìta, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ òun dàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun rí i lóde lóru. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ìfẹ́ ni o." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàrá náà kò tóbi. Ilẹ̀kùn pákó ni wọ́n fi sí i, ó nípọn. Ìyá ti ní ilẹ̀kùn.

Ó ti rù. Ikọ́ kò bá ọyẹ́ lọ. Ó bi mí léèrè iṣẹ́, ó bi mí léèrè Assani, inú rẹ̀ dùn pé ara ọmọ náà ti yá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yìnlàárò ńkọ́? Ṣé ìta ló ń sùn?"

Mo ní, "Ìta ni, Ìyá. Lẹ́nu ọ̀nà yín, lórí ìró yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí ohùn, ó ní, "Ó dáa. Ẹnìkan nínú wa ń rí ìta sùn."

Oòrùn ti ń wọ̀. Mọ́símọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá dìde kí wọ́n tó sọ fún un, ó lọ jókòó lórí ẹní rẹ̀. Mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé. Ajá ti wà nínú àpótí, ó ká ara rẹ̀ kò, orí rẹ̀ kan òkè. Ó dojú kọ ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n wá fi ìkọ́ kọ́ ọ.